Ìjà 1523: bí àwọn Kristẹni Córdoba ṣe dúró ti ilé tí Mùsùlùmí kọ́

Ní ọdún 1523, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Córdoba, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, ní kí akéde lọ ké e káàkiri ìlú: bíríkìlà, káfíńtà, agbẹ́kùúta tàbí alágbàṣe yòówù tó bá bá wọn wó ibì kankan nínú kàtídírà ìlú, pípa ni wọn yóò pa á, wọn yóò sì gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ohun ìní rẹ̀. Òfin yìí yóò dúró títí ọba fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú ló fẹ́ wó apá kan nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n torí ẹ̀ ń halẹ̀ ikú yìí, àwọn Mùsùlùmí ló kọ́ ọ, mọ́sálásí Jímọ̀ ni fún nǹkan bí àádọ́ta lé nírínwó ọdún kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò sí Mùsùlùmí kankan nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Kódà, kò sí ẹni tó lè jáde síta ní Córdoba lásìkò náà kó ní Mùsùlùmí lòun, nítorí láti 1502 ni ìjọba Castile, tí Córdoba wà lábẹ́ rẹ̀, ti pàṣẹ pé kí gbogbo wọn ṣèrìbọmi tàbí kí wọ́n kó jáde nílùú. Àwọn tí bàbá bàbá wọn kírun nínú ilé náà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn Kristẹni, ọmọ Ìjọ Àgùdà pọ́ńbélé, ló dìde sí bíṣọ́ọ̀bù tiwọn. Nínú gbogbo ìtàn ilé ìsìn tó ti ọwọ́ ẹ̀sìn kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, èyí ló máa ń wọ̀ mí lára jù, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí ní kíkún.

Ká tó lè mọ ohun tí wọ́n ń jà fún, ó yẹ ká wo bí ilé náà ṣe rí.

Abd al-Rahman I ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 785. Ọmọ ọba ìdílé Umayyad, tó ń ṣàkóso àwọn Mùsùlùmí láti Síríà, ni, ó sá àsálà kúrò ní Síríà nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹbí rẹ̀ ní 750, ó rìn gba àríwá Áfíríkà kọjá kó tó wá di ọba ní Córdoba. Àwọn òpìtàn Lárúbáwá kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ San Vicente ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, pé Mùsùlùmí àti Kristẹni kọ́kọ́ pín in lò, kí ọba tó wá ra apá ti àwọn Kristẹni lọ́wọ́ wọn, tó sì gbà wọ́n láyè láti tún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn kọ́ lẹ́yìn odi ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣáájú ṣe rí gan-an.

Àwọn òpó inú ilé náà ni kí ẹ bá mi wò. Wọn kò dọ́gba. Ara ilé àwọn ará Róòmù àti ti àwọn ọba Visigoth, tó ṣèjọba Sípéènì kí àwọn Mùsùlùmí tó dé, àwọn ilé tó ti di àlàpà, ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣà wọ́n jọ. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, orí wọn tí wọ́n fín lọ́nà kò jọra, òmíràn gùn ju èkejì lọ. Èyí tó gùn jù, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀. Èyí tó kúrú, wọ́n fi òkúta tì í nídìí. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, òpó wọ̀nyí kò ga tó fún yàrá tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òrùlé lé wọn tààrà, òkùnkùn ni yóò bo inú ilé, ooru yóò sì mú àwọn tó ń kírun. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n mọ òpó mìíràn tó nípọn lé orí òpó kọ̀ọ̀kan kó lè ga sí i, wọ́n wá fi áàṣì méjì so òpó mọ́ òpó, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bíríkì pupa àti òkúta funfun ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, tí áàṣì kọ̀ọ̀kan fi tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà. Ti òkè ló ru òrùlé. Ti ìsàlẹ̀ kò ru ohunkóhun; iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di àwọn òpó mú kí wọ́n má baà fẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Atẹ́gùn sì ń gba àárín áàṣì méjèèjì kọjá. Àwọn ará Róòmù ti lo irú ọgbọ́n yìí lórí afárá omi wọn ní ìlú Mérida, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti sọ ọ́ di igbó òpó bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìsìn rí.

Àwọn ọba tó tẹ̀ lé e fẹ ilé náà lójú. Abd al-Rahman II fà á sẹ́yìn ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, al-Hakam II tún fà á ní ọ̀rúndún kẹwàá, nígbà tó sì di nǹkan bí 987, Almanzor, olórí ogun tó ń ṣèjọba lórúkọ ọba, fẹ̀ ẹ́ sí ìlà-oòrùn. Ilé náà di ńlá tí ó gba ilẹ̀ tó lé ní 23,000 mítà níbùú-lóòró, pẹ̀lú àgbàlá tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, níbi tí igi ọsàn wà lónìí. Òpó tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ títí di òní jẹ́ 856.

Ti al-Hakam II ló gba ẹnu mi jù. Nígbà tó fẹ́ ṣe mìhírábù, ibi tí lẹ́mọ́mù máa ń dojú kọ tó bá ń ṣáájú ìrun, ọ̀dọ̀ olú-ọba Kristẹni ní Constantinople ló ránṣẹ́ sí. Ó ní kí ó fi oníṣẹ́ ọnà ránṣẹ́ sí òun, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ṣe ara ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Olú-ọba rán oníṣẹ́ náà wá. Ibn Idhari, òpìtàn Lárúbáwá, kọ ọ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ tó bá a wá jẹ́ ìwọ̀n 320 kíńtà, àti pé àwọn ọmọṣẹ́ tí ọba fà lé e lọ́wọ́ ní Córdoba kọ́ iṣẹ́ náà débi pé nígbà tó padà sílé, wọ́n ń dá a ṣe. Wúrà, búlúù àti àwọ̀ ewé ló ń dán níbẹ̀ títí di òní olónìí, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ Kùránì tí wọ́n fi òkúta kọ. Ọwọ́ Kristẹni wà nínú ibi tó gbayì jù nínú mọ́sálásí yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìtàn ilé náà bí ẹni pé ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni, kò sọ ọ́ tán.

Ogun ló gbé e dé ọwọ́ àwọn Kristẹni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1236, Córdoba ṣubú fún Fernando III, ọba Castile. Wọ́n ya mọ́sálásí náà sí mímọ́ fún Màríà Wúńdíá, wọ́n sì ṣe Máàsì níbẹ̀. Agogo kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò lè fò. Ní 997, Almanzor ja Santiago de Compostela, ìlú àwọn Kristẹni ní àríwá Sípéènì, ó sì ní kí àwọn Kristẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ru agogo ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ wá sí Córdoba, níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n di àtùpà mọ́sálásí. Fernando rí wọn níbẹ̀. Ó ní kí àwọn Mùsùlùmí tí òun náà kó lẹ́rú rù wọ́n padà lọ sí Santiago, ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún máìlì. Àwọn tó ru agogo ní 997 àti àwọn tó rù ú ní 1236, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn sílẹ̀.

Síbẹ̀, wọn kò wó ilé náà. Fún nǹkan bí ọ̀rìnlérúgba ọdún, pẹpẹ kàtídírà wà láàárín àwọn òpó àti áàṣì, ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sí i kò sì pọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn yàrá àdúrà kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn káfíńtà àti bíríkìlà Mùsùlùmí tó kù nílùú ni wọ́n ń pè láti tún un ṣe, wọn kò sì ṣàì mọ ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Yàrá Ọba tí wọ́n parí ní 1371, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba Kristẹni méjì sí, iṣẹ́ ọnà àwọn Mùsùlùmí ló kún ara ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọba Kristẹni ló sanwó rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni bíṣọ́ọ̀bù kan tu àwọn òpó mélòó kan láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré sínú ilé náà, ìyẹn ló sì ṣí ọ̀nà fún ohun tó ń bọ̀.

Alonso Manrique ni orúkọ bíṣọ́ọ̀bù 1523. Ohun tí òun àti àwọn àlùfáà àgbà kàtídírà fẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì gidi bíi ti àwọn ìlú yòókù: òrùlé tó ga fíofío, àyè tó fẹ̀ fún akọrin, pẹpẹ ńlá tí gbogbo èèyàn lè rí láti ibi tí wọ́n bá wà. Ká sọ òótọ́, ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ aláìnírònú. Mọ́sálásí tẹ́jú lọ rẹrẹ. A kọ́ ọ fún àwọn tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fi orí kanlẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn òpó kò lè rí àlùfáà níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ilé náà ni wọ́n fẹ́ gbé e kà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó ni wọ́n sì máa hú kúrò.

Ìgbìmọ̀ ìlú fárígá. Olórí ìgbìmọ̀ ni Luis de la Cerda, aṣojú ọba nílùú. Kókó ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ wó yìí, bí wọ́n bá ti wó o, kò sẹ́ni tó lè tún un kọ́ kó dára kó sì pé bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká rántí pé èyí jẹ́ 1523, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré lẹ́yìn tí Granada, ìlú ọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn ní Sípéènì, ṣubú. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ń yin iṣẹ́ ọwọ́ Mùsùlùmí lè kó sí wàhálà. Àwọn ìdílé ńlá kan nílùú náà ní ìdí tiwọn pẹ̀lú, nítorí inú àwọn yàrá àdúrà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sin àwọn bàbá wọn sí. Mi ò rò pé ìyẹn bu ohun tí wọ́n ṣe kù. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ sàárè nìkan ja ìjà wọn. Wọ́n yàn láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé náà kò láfiwé.

Bíṣọ́ọ̀bù kò gbọ́, kò gbà. Ó yọ àwọn aláṣẹ ìlú lẹ́gbẹ́ nínú ìjọ, èyí tó já sí pé wọn kò lè gba Ara Olúwa, bí wọ́n bá sì kú, wọn kò ní rí ìsìnkú onígbàgbọ́. Fún ẹni tó gba ọ̀run àti iná gbọ́ tọkàntọkàn, ìyà yìí le ju ìtìmọ́lé lọ. Lápá kan, ìgbìmọ̀ ní ẹni tó bá wó ilé yóò kú. Lápá kejì, bíṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó bá dí ìwólé lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ yóò ṣègbé. Àwọn bíríkìlà wá wà láàárín méjì. Ọ̀rọ̀ náà di ti Carlos V, ọba Sípéènì tó tún jẹ́ olú-ọba Róòmù Mímọ́. Carlos kò tíì fojú kan ilé náà rí. Ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ló gbè sí, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà.

Kò pẹ́ tí Manrique fi Córdoba sílẹ̀ tó lọ di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Seville. Ó kú ní 1538. Ìkọ́lé tó torí ẹ̀ bá ìlú jà kò parí títí di 1607, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 1526, lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ ní Seville, Carlos gba Córdoba kọjá, ó sì wọlé lọ wo ohun tí ó fọwọ́ sí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ó bínú, ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́, ibi gbogbo lèèyàn ti lè rí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bàjẹ́ kò ní ẹlẹgbẹ́ láyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn èèyàn ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu lẹ́yìn náà. Bó bá sọ ọ́ lóòótọ́, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, ìwé tirẹ̀ ló gba òṣìṣẹ́ láyè. Kò sì jọ pé ó kọ́gbọ́n níbẹ̀, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó ní kí wọ́n gbé ààfin tuntun kalẹ̀ sáàárín ilé àwọn ọba Mùsùlùmí ní Alhambra, ní Granada.

Ẹni tí mo fẹ́ yìn nínú àwọn tó kọ́lé ni Hernán Ruiz, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ orúkọ kan náà ló bá a tẹ̀ síwájú. Wọ́n pàṣẹ fún un láti gbé ṣọ́ọ̀ṣì gíga kalẹ̀ sáàárín ilé tó tẹ́jú, òrùlé gíga sì máa ń ti ògiri síta. Ó lo àwọn áàṣì mọ́sálásí tó yí i ká láti di ògiri náà mú. Láwọn ibì kan, áàṣì àwọn Mùsùlùmí wà nínú ògiri kàtídírà gan-an, ẹni tó bá gbójú sókè á rí wọn níbi tí wọ́n ti wọnú ara wọn. Èyí ló fà á tí àwọn tó mọ̀ nípa ilé fi ń sọ pé a kò lè yọ kàtídírà náà kúrò lónìí kí ìyókù ilé má bàjẹ́. Irú ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ilé gogoro tí ladani ń gùn láti pe ìrun, èyí tí Abd al-Rahman III kọ́. Nígbà tí ìjì bà á jẹ́ ní 1589, Hernán Ruiz kẹta mọ ilé agogo yí i ká. Ti ìpèrun ṣì wà nínú ti agogo náà.

Àwọn kan ń sọ pé bíṣọ́ọ̀bù Manrique ló gba mọ́sálásí náà là, pé bí kò bá sí kàtídírà nínú rẹ̀, wọn ì bá ti wó o pátápátá. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òótọ́ ni pé ilé tí wọ́n ń lò ni kì í wó. Ní Seville, wọ́n wó mọ́sálásí ńlá ibẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún láti kọ́ kàtídírà. Ilé gogoro rẹ̀, Giralda, àti àgbàlá nìkan ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ti Córdoba là ni ọ̀rìnlérúgba ọdún tí wọ́n fi ṣe Máàsì láàárín àwọn òpó náà láìwó wọn, àti àwọn ará ìlú tí ilé náà ti mọ́ lára débi pé wọ́n gbà pé tàwọn ni. Manrique bá ilé tó wà lálàáfíà ni, kì í ṣe ilé tó ti ń wó lọ.

Ìjà kejì jẹ́ ti ìgbà tiwa, ìwé ni wọ́n fi jà á. Ní 2006, bíṣọ́ọ̀bù ìlú lọ forúkọ ilé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ìjọ. Nǹkan bí 30 owó yúrò ló ná wọn. Òfin kan láti 1946, lábẹ́ Franco, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso Sípéènì nígbà náà, ló gba bíṣọ́ọ̀bù láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ìjọ ló ni dúkìá kan. Àtúnṣe 1998 sì fi ilé ìsìn kún un. Wọ́n fagi lé àǹfààní yìí ní 2015, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kò tìtorí ìyẹn parẹ́. Nígbà tí ìjọba gbé àkọsílẹ̀ jáde ní 2021, dúkìá tí ìjọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín 1998 sí 2015 lé ní 34,000 káàkiri Sípéènì. Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìwé tí wọ́n ń fún àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà ń pe ilé náà ní kàtídírà nìkan. Ní 2014, Google Maps náà yọ mọ́sálásí kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ariwo àwọn ará ìlú ló mú kí wọ́n dá a padà. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìjọba ìlú gbé kalẹ̀, tí Federico Mayor Zaragoza tó ti ṣe olórí UNESCO rí wà nínú wọn, sọ ní 2018 pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ìjọ ló ni ilé náà.

Ti ìrun ṣì le jù. Kò sí àyè fún Mùsùlùmí láti kírun nínú rẹ̀. Ní 2010, nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí tó ṣàbẹ̀wò láti Austria gbìyànjú láti kírun, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá wọn dúró, ìjà ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá sì mú èèyàn méjì. Mi ò sọ pé kí wọ́n pín in lò bí ìtàn San Vicente ṣe wí. Ó ṣeé ṣe kí irú ìpín bẹ́ẹ̀ di ìjà ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ẹni tó dúró níwájú mìhírábù al-Hakam kò gbọdọ̀ fi orí kanlẹ̀ níbẹ̀, àní fún ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, 2025, iná sọ nínú yàrá àdúrà kan ní apá ibi tí Almanzor fẹ̀. Ìròyìn sọ pé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀ ló gbaná. Òrùlé yàrá náà já lulẹ̀. Àwọn panápaná ti ṣe ìdánrawò fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n káwọ́ iná náà kí ilẹ̀ tó mọ́, igbó òpó kò sì jóná. Ilẹ̀kùn ṣí fún àlejò lọ́jọ́ kejì. Ìjọ tó forúkọ ilé yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ayé ohun tí ẹ̀rọ oníná ń ṣe nínú yàrá àdúrà ní ilé tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ogún aráyé láti 1984, kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ sí àwọn yàrá yòókù.